Ìlà Pẹ̀rẹ́gún Létí Ọgbà Ẹyẹ

Àwọn àlejò tó ń ti Òṣogbo wá máa ń dúró ní apá ìlà-oòrùn ọgbà wa, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá, ibí yìí mà tutù o." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó tutù lóòótọ́. N kì í sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti rin ilẹ̀ tí wọ́n dúró wò. Ẹyẹ ni wọ́n wá wò, wọn kò wá gbọ́ ìjà ẹbí.

Ẹni tó bá sì rò pé ibi tí ẹyẹ ti ń jẹun jẹ́ ibi àlàáfíà, kò tíì jókòó tì wọ́n rí. Mo ti rí àṣá tó já lu àdàbà lórí igi ìyeyè, tó ń fa ìfun rẹ̀ yọ nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Mo ti rí ẹ̀gà méjì tó di ara wọn mú lẹ́sẹ̀, wọ́n jábọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣá ara wọn lójú títí ajá fi wá gbé àwọn méjèèjì. Igi ọdán gan-an, ìkà ni. Ẹyẹ á ṣu hóró rẹ̀ sórí ọ̀pẹ, á hù síbẹ̀, á ta gbòǹgbò wálẹ̀, á fi gbòǹgbò náà fún ọ̀pẹ lọ́rùn títí ọ̀pẹ á fi kú sínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú ọgbà wa, òkú ọ̀pẹ tó pa ṣì wà láàárín rẹ̀ tí à ń wò ó. Mo fẹ́ràn igi náà púpọ̀. Bóyá torí pé èmi náà kì í ṣe onísùúrù ni.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo padà sí Òkè-Ìlá, sí ilé bàbá mi. Ìlú ti ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ nígbà náà ní ẹsẹ̀ òkè, lójú ọ̀nà ibi tí omi ti ń dà láti orí àpáta, pé kí wọ́n fi ṣe ọgbà tí gbogbo ará ìlú á jọ ni, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa rí igi àti ẹyẹ tí àwọn bàbá wọn mọ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, wọ́n sì fi mí sí i. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí á ṣe ibi tí ẹyẹ á ti máa jẹun. Gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn, n kò ní jẹ́ kó sinmi.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti wo fídíò lórí fóònù, ó rí bí àwọn òyìnbó ṣe ń da ọkà sínú abọ́, tí wọ́n so abọ́ kọ́ igi fún ẹyẹ. Ó ní kí á ra abọ́. Mo ní n kò ní bá ẹnikẹ́ni so abọ́ kọ́ igi ní ìlú mi. Ẹyẹ ilẹ̀ wa kò tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn rí. Igi tí wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ ni a gé tán, àwọn igi náà la ó dá padà, ká sì jókòó ká máa wò wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ la gbin ọ̀pọ̀tọ́, a gbin ìṣin àti ìyeyè. Àwọn ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun wọ́n kọ ẹyìn mọ́, ti ẹyẹ ni. A fi apá kan sílẹ̀ láìro kí koríko lè so hóró fún ológòṣẹ́. Àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sóko a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Tíṣà, ẹ kú oko ẹyẹ o! Ṣé ẹyẹ á bá yín ru irè wálé?" Mo ń dá wọn lóhùn pé ó kéré tán, ẹyẹ kì í ṣòfófó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa lọ.

Ewúrẹ́ ló fẹ́ ba tiwa jẹ́. Ohun tí a gbin láàárọ̀, wọ́n á ti jẹ ẹ́ kan ilẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. A fa wáyà, àwọn kan wá ká a lọ. Ìgbà náà ni a bá rántí pẹ̀rẹ́gún. Igi tí ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ni, bí o bá gé ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, á hù láìbéèrè omi lọ́wọ́ rẹ, ẹyẹ sì ń jẹ èso pupa rẹ̀. Ìdí pẹ̀rẹ́gún kan tó ti gbó wà lórí ilẹ̀ náà, síwájú díẹ̀ sí igi ọdán. A gé e tán dé ìdí. A ta okùn ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn, a sì rì àwọn ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọnrangandan. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ gbàdúrà sí i lọ́jọ́ náà. A ṣe àmín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe, torí ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, a kì í gbin pẹ̀rẹ́gún sí ojú ìlà lásán. Ẹni tó bá gbin ín bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀: ó ní, ibi tí ilẹ̀ mi parí sí nìyí. Bí òjò bá rọ̀ sí i, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì kọjá lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fà á tu, àwọn àgbà á fi ṣe ẹ̀rí bí ọ̀ràn bá dé. Kò sí ọmọ ìgbìmọ̀ kankan tí kò mọ èyí láti kékeré. Ewúrẹ́ ni à ń rò lọ́jọ́ náà, èso pupa ni à ń rò. Kò sí ẹni tó rántí pé pẹ̀rẹ́gún lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni oko tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Agboolé kan náà ni a ti dàgbà, inú àwo kan náà ni a ti jẹun. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwa méjèèjì ni ìyá àgbà wa ń fi ṣọ́ ọkà bàbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gà. Ohùn òun ló dún jù, nítorí náà òun ló ń han. Èmi ni mo ń pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ní ẹyẹ kì í sá fún ẹnu, ọwọ́ ló ń sá fún. Ẹnu kàn ń jẹ́ kó mọ̀ pé ọwọ́ ń bọ̀ ni. Àtẹ́wọ́ mi a máa wú kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò nílé rí. Àgbẹ̀ ni. Ọ̀nà tí wọ́n là ti gba lára ilẹ̀ rẹ̀, pápá ilé ìwé gba lára rẹ̀, ohun tó kù lórí òkè sì jẹ́ kìkì òkúta. Àgbàdo tó ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wa yìí ló ń jẹ, òun náà ló ń mú lọ sọ́jà. Ibi tí a ta okùn sí, inú àgbàdo náà ni.

Ó yọ sí wa láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e pẹ̀lú ọkọ́ lórí èjìká. Ó wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ta ló gbin nǹkan yìí?"

"Àwa ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàárọ̀, sà. Nítorí ewúrẹ́ ni."

"Níbo lẹ ti gé e?"

Mo nawọ́ sí ìdí pẹ̀rẹ́gún tí a gé. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìyẹn. Ibẹ̀ ni ààlà mi. Ẹ gé ààlà mi, ẹ wá rù ú wá sínú àgbàdo mi!"

"Ìlú ló fún wa nílẹ̀ yìí, sà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ààlà wà níbẹ̀."

"Èmi ni mo ń sọ fún ọ yìí. Fà á tu."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, lójú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá mi ro ọgbà náà. Ara mi gbóná. Mo ní, "Ìwọ kọ́ lo máa pàṣẹ fún mi."

Ìwọ. Ní Òkè-Ìlá, ènìyàn lè bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sì bẹ̀bẹ̀ kó tó dalẹ́. Kò gbọdọ̀ pè é ní ìwọ. Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu mi tán, ó ti gbá mi létí, etí mi ń hó. Mo fa ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá pẹ̀rẹ́gún yẹn tu, mo sì fi nà án lọ́rùn títí ó fi ṣẹ́. Ó mú mi lọ́rùn aṣọ. A ṣubú sáàárín ebè, àwa arúgbó méjèèjì, à ń yí gbirigbiri lórí àgbàdo. Nígbà tí wọ́n fi là wá, irun orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, irun funfun.

Láti ọjọ́ yẹn, ogun ni. Ó fà á tu, mo gbin ín padà. Ó tún fà á tu, mo tún gbin ín. Ó wọlé pẹ̀lú àdá, ó bẹ́ àwọn ìṣin wa láti ìdí, ó bẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, oje funfun ń kán sílẹ̀ lára wọn. Ewúrẹ́ rẹ̀ wọ ọgbà lọ́jọ́ kejì, mo sọ òkò lù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ó gbé ewúrẹ́ náà wá sí ẹnu ọ̀nà ilé mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dúńbú rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn mi. Ó fi ẹran sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń lọ. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ àtẹ̀gùn náà, mo ń gégùn-ún fún un bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, òórùn ẹ̀jẹ̀ kò sì tètè lọ.

Àwọn àgbà pè wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú ọ̀run ni wọ́n sọ, wọn kò sọ ilẹ̀. Wọ́n bú mi pé mo gbójú. Wọ́n ní kí ìlà náà wà bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn ìkórè wọn á wá tọ ààlà. Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró. "Bí ẹ bá jẹ́ kó ta gbòǹgbò," ó ní, "ẹ ti dá ẹjọ́ tán nìyẹn." Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àgbàdo gbọmọ pọ̀n, ẹ̀gà dé. Wọ́n ti ń wá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn ọ̀pẹ tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn ló wá di ìlú wọn. Wọ́n ya imọ̀ ọ̀pẹ jáláńjálá, wọ́n fi kọ́lé, wọ́n bímọ, ariwo wọn kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Láti orí ọ̀pẹ wa ni wọ́n ti ń rọ́ wọ inú àgbàdo ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń fa háríhá ya, wọ́n ń mu omi ọmọ àgbàdo tó ṣì rọ̀, wọ́n á fi èyí sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ń han láti àárọ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń sáré láti igun dé igun. Mo gbé àga mi sábẹ́ ọdán, mo ń wò ó. Inú mi dùn. Bó ṣe rí ni mo sọ ọ́ yẹn. Inú mi dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ariwo rẹ̀ dákẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí i tó ń bọ̀ gba àárín ìlà náà kọjá, ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé e sókè sí igi ọdán, níbi tí àwọn ẹ̀gà tó lé ti lọ bà, ó sì yìn ín.

Mi ò mọ bí n ṣe lè sọ ọ́. Igi náà ké. Ewé ń já, ẹyẹ ń já, àwọn tí kò kú ń fi ìyẹ́ kan lu ilẹ̀ pàtìpàtì, wọ́n ń yí po. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lójú. Agbe kan já bọ́ sí iwájú ẹsẹ̀ mi. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ọgbà yìí ni mo ti ń retí agbe, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àyà rẹ̀ aláró ti ya, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Mo gbé e. Ó kú sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ki ìbọn náà padà. Ó ń da ẹ̀tù sí i bí ẹni ń da gààrí sómi, kò wọ̀n ọ́n. Mo ju agbe sílẹ̀, mo sáré lọ dúró níwájú ọdán, mo na apá mi méjèèjì.

"Kúrò níbẹ̀!"

"Yìn ín! Èmi ni kí o yìn ín lù! Ṣebí ohun tí o ti ń fẹ́ nìyẹn!"

Ó wò mí. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo rí i kedere pé ó gbé ẹnu ìbọn náà sókè, ó gbé e kọjá orí mi dáadáa, kó tó fà á. Ìbọn náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí èéfín lọ, ó ṣì dúró. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń wo nǹkan ẹlòmíràn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti lọ, ìyókù rọ̀ sílẹ̀ lórí awọ, egungun funfun ń yọ jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ wá tú. Mo já gèlè mi, mo fi dì í lápá, mo fi eyín fa kókó rẹ̀ kó le. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti oko gbọ́ ìró náà, ó yà wọlé. A gbé e sáàárín, èmi wà lẹ́yìn, mo di apá rẹ̀ mú sókè lójú ọ̀nà títí a fi dé Ìlá, ẹ̀jẹ̀ ń gba apá tèmi ṣàn wọ abíyá. Bí ọ̀kadà bá bọ́ sí kòtò, ó ń ké. Bí kò bá ké, ó ń béèrè pé, "Àbúrò, ọwọ́ mi dà?" Mo ń dá a lóhùn pé, "Ó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo dì í mú." Nílé ìwòsàn, wọ́n gé e kúrò ní ọrùn ọwọ́.

Ní ọjọ́ kejì, n kò dúró de àwọn àgbà. Mo lọ sídìí ìlà náà, mo fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ta gbòǹgbò lóòótọ́, wọ́n le, àtẹ́wọ́ mi bó. Ìdí pẹ̀rẹ́gún àtijọ́ tí a gé ti ń rú ewé padà níbi tí bàbá bàbá wa gbin ín sí. Mo rì díẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá náà tì í, mo sì kó ìyókù jó. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní mo fi ilẹ̀ ìlú tọrẹ. Mo bi í bóyá ó fẹ́ wá gba ọwọ́ tó kù lára ẹ̀gbọ́n mi náà ni. Kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́.

Nítorí náà, ààlà ti padà sí ibi tó yẹ. Ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ro ó? Àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, wọ́n ń pè é lórí fóònù. Igbó gba oko náà. Koríko hù níbẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ó so hóró, ológòṣẹ́ àti àparò kún inú rẹ̀, agbe pàápàá ti padà wá. Gbogbo ọgbà wa kò ní ẹyẹ tó ibẹ̀. Apá ibẹ̀ ni àwọn àlejò máa ń dúró kọjú sí, tí wọ́n á ní ibí yìí mà tutù o.

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n mi gbin àgbàdo díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀rẹ́gún náà. Ó fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ihò, ó fi ọwọ́ òsì ju hóró sí i, ó fi ẹsẹ̀ bò ó. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Àwa méjèèjì ń kí ara wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàdo náà hù, ó gbọmọ pọ̀n.

Mo ń fi ọdán han àwọn àlejò kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń han. "Hàáà! Hàáà-ò!" Ohùn rẹ̀ ṣì dún bí ti ìgbà ọmọdé. Mo yíjú wo àgbàdo náà. Ẹ̀gà bò ó pìtìmù, wọ́n ń fa háríhá ya. Kò sí ọ̀kan tó fò. Ó tún han, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó gbé kùkùté ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fẹ́ gbá wọn pọ̀, ó sì rántí. Ó rọ apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí i pé mo ń wo òun.

"Àbúrò," ó ní, kò tilẹ̀ pariwo. "Wọ́n ti mọ̀ pé mi ò lọ́wọ́."

Mo fi àwọn àlejò sílẹ̀. Mo ré ìdí pẹ̀rẹ́gún kọjá, mo lọ dúró tì í, mo sì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gà gbéra pọ̀, wọ́n ṣú bo ojú ọ̀run. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń pè mí láti òdìkejì: "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa wá jẹun?" Àwọn ẹyẹ náà ti ń yí padà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń han, mo ń pàtẹ́wọ́.